Bí Mo Ṣe Kágò ní Erékùṣù Ahoro

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, nítorí eyín iwájú mi méjì ti fi mí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì máa ń gba àlàfo ibẹ̀ jáde láìtọrọ àyè. Ẹni tó bá fẹ́ sùn kó tètè sùn, kó má sì hanrun. Ẹ̀yin ọmọ àwọn tó kó lọ sí ẹ̀bá títì, tí ẹ wá wo ilé baba yín lónìí, mo mọ̀ pé ẹ kàwé, mo sì mọ̀ pé ẹni tó kàwé kì í gba ìtàn gbọ́ àfi tó bá rí ẹ̀rí. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀rí wà lápò mi.

Èmi Ọdẹ́jìnmí Àtàndá, ọkọ Àwẹ̀ró, ọkùnrin tí ẹkùn rí lọ́nà tó ní òun kàn ń kọjá lọ ni, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ mi kò dé láyé yìí. Mo ti dé ibi tí oòrùn ti ń lọ wẹ̀. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan, èmi ni mo sì mú ẹran. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí mo dúró nínú omi tó tutù dé egungun, tí mo ń bẹ erékùṣù kan pé kó dá mi lóhùn.

Ẹ wo abà yìí. Ilé mẹ́rìnlá ni, ewúrẹ́ ló sì ń gbé mẹ́wàá nínú wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo gbé Àwẹ̀ró níyàwó, bí ènìyàn kan bá sín ní Ìdí-Òro yìí, ogójì ènìyàn ló ń sọ pé pẹ̀lẹ́. Nígbà tó yá, títì ọlọ́dà gba ìsàlẹ̀ lọ, kò yà sọ́dọ̀ wa. Àwọn ọ̀dọ́ tọ̀ ọ́ lọ bí eèrà tó gbọ́ òórùn ṣúgà. Ọmọ mi kan ṣoṣo wà lára wọn. Ọdẹ́wálé ni mo sọ ọ́, ẹ wá wo bó ṣe wálé. Ó kọjá òkun, ọdún mẹ́rìnlá sì kọjá lé e lórí. Agolo bisikíìtì pupa kan ni nǹkan kan ṣoṣo tó fi ránṣẹ́ sí wa, ní ọdún kejì tó lọ. Kí ẹni tó gbé e wá tó mu omi tán, mo ti jẹ bisikíìtì náà tán. Agolo rẹ̀ ni Àwẹ̀ró fi ń kó obì sí.

Nígbà tó ku ènìyàn mẹ́tàdínlógún, Baálẹ̀ wa, Ògúnmọ́dẹdé, pe ìpàdé. Ó ní kí gbogbo wa kó lọ sí ẹ̀bá títì. Ó ní iná mànàmáná wà níbẹ̀, ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́ pé ọtí tútù náà wà níbẹ̀. Bí mo ti gbọ́ ìyẹn, mo ti dìde, mo ti ń wá bàtà mi. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń bá baálẹ̀ jiyàn.

Àwẹ̀ró ló ní òun kò lọ.

"Bàbá Ọdẹ́wálé," ó ní, "ẹ máa lọ. Èmi wà níbí."

"Kí lo fẹ́ máa ṣe níbi tí kò séèyàn?"

"Bí ọmọ mi bá dé, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó kágò, ta ni yóò sọ fún un pé àgò yà?"

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa, àbí títì ọlọ́dà ti gbà á lọ́wọ́ yín? Àlejò a dúró ní ìloro, a ní, "Àgò onílé o." Bí onílé kò bá tíì sọ pé, "Àgò yà," àlejò kì í wọlé, ìbáà ṣe pé òjò ń rọ̀, tí ẹkùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Olè nìkan ni kì í kágò.

Mo ní, "Àwẹ̀ró, ilẹ̀ tí wọ́n kó kúrò lórí rẹ̀, ilẹ̀ lásán ni. Kò sẹ́ni tó ń dáni lóhùn níbẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ọgbọ́n orí mi ló sọ fún mi."

"Ìyẹn ò tíì sọ òótọ́ fún yín rí."

Ló bá da obì sílẹ̀, ó gbé agolo náà síwájú mi. Àwòrán kan wà lára rẹ̀: erékùṣù kékeré kan láàárín òkun, koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ilé òkúta mélòó kan tí òrùlé wọn ti lọ, àgbò kan. Kò sí ènìyàn. Tíṣà tó kọ́ àwọn ọmọ wa kí ilé ìwé tó padé ti ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ fún wa rí. Ó ní etí ilẹ̀ Sikọ́tílándì ni erékùṣù náà wà, àwọn ará ibẹ̀ kó kúrò tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni kò sì gbé ibẹ̀ mọ́.

"Ẹ lọ ibí yìí," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, ẹ kágò. Bí kò bá sẹ́ni tó dá yín lóhùn, ọjọ́ tí ẹ bá dé ni màá gbé ẹrù mi lọ sí ẹ̀bá títì. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dáhùn, èmi àti ẹ̀yin ò kúrò níbí mọ́."

Baálẹ̀ gbọ́, ó ní òun yóò dúró de àbọ̀ mi, kí gbogbo abà lè lọ pọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ṣé ẹ ti rí ìdíje tó rọrùn báyìí rí? Kí ènìyàn lọ kágò níbi tí kò séèyàn, kó sì padà wá mu ọtí tútù. Mo gbé ìbọn mi kọ́ èjìká, mo kọrí sí ọ̀nà.

Ẹ má bi mí léèrè ibi tí mo gbà. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, èmi sì rí odindi ìdílé wọn. Igbó tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ni wọ́n ń pè ní Igbó Èmi-Náà. Gbogbo igi ibẹ̀ ló lẹ́nu, gbogbo wọn ló sì ń fọ́nnu. Bí mo ti ní, "Èmi Ọdẹ́jìnmí tó pa ẹfọ̀n méjì ní ọ̀sán kan," igi ìrókò kan dáhùn pé, "Èmi náà, mẹ́fà ni mo pa, mo sì jókòó lórí wọn." Mo ní mo ti sáré dé òkè Òṣùmàrè rí. Igi ọ̀mọ̀ ní, "Èmi náà, orí ọwọ́ ni mo fi rìn dé ibẹ̀." Bí ẹ bá fọ́nnu níbẹ̀ tí igi kan fi borí yín, ọ̀nà yóò padé lójú yín, ẹ ó padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà méje ni mo padà sí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Inú bí mi débi pé òótọ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ìyàwó mi ni mo bẹ̀rù jù láyé." Igi ìrókò wo igi ọ̀mọ̀, igi ọ̀mọ̀ wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ sọ pé èmi náà. Mo gba àárín wọn kọjá.

Láti ibẹ̀ mo dé Ìlú Ẹkúu. Háà, ìlú yẹn! Ìkíni ni iṣẹ́ wọn, ìkíni ni oúnjẹ wọn. Wọ́n kí mi kú ìrìn, wọ́n kí mi kú ìdúró, wọ́n kí mi kú ìmí, mo yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, wọ́n kí ẹ̀gún náà kú ewu. Ẹni tí kò bá dá gbogbo ìkíni padà kò gbọdọ̀ jáde ní bodè. Oṣù méjì ni mo fi ń dáhùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bíi ti ẹni tó há ẹ̀kọ mẹ́ta sẹ́nu. Ní ọjọ́ kan mo ronú dáadáa. Mo mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí ìkíni kan ṣòfò. Ohun tí a bá kí wọn kú rẹ̀, wọn yóò rí i pé àwọn ń ṣe é. Mo gun orí àpáta, mo ní, "Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ kú ìdákẹ́." Wọ́n wo ara wọn. Ẹnikẹ́ni kò lè dáhùn láìba ìdákẹ́ náà jẹ́. Gbogbo ìlú ya ẹnu sílẹ̀, kò sí ohùn kan. Ọba wọn ń fi ọwọ́ bẹ̀ mí pé kí n kí wọn kú nǹkan mìíràn. Mo juwọ́ sí i, mo jáde.

Mo wá dé etí òkun. Iwin gàgàrà kan jókòó níbẹ̀, irungbọ̀n rẹ̀ pupa bí epo àkọ́fún, ó ró yẹrì onílà-níbùú-lóòró dé orókún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, Mà."

"Bàbá ni mí," ó ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Yẹrì yín ló ṣì mí lọ́nà."

"Gbogbo ọkùnrin ilẹ̀ mi ló ń ró o. Bí o bá rẹ́rìn-ín, màá gbé ọ mì. Níbo lò ń lọ?"

Mo sọ orúkọ erékùṣù tó wà lára agolo fún un. Ó ní òun lè gbé mi débẹ̀ bí mo bá já àlọ́ òun. Bí n kò bá já a, èmi ni yóò máa bá òun fọ abọ́ títí òkun yóò fi gbẹ. Ó ní, "Ilé kan wà. Bí o kò bá débẹ̀, o kò lè mọ̀ pé ó ṣófo. Bí o bá sì wọ ibẹ̀, kò ṣófo mọ́, torí ìwọ ti wà nínú rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń rí ilé òfìfo?"

Mo ní, "Kí n di ojú kan, kí n fi ìkejì wò ó."

"Rárá."

"Kí n rán ìyàwó mi."

"Abọ́ pọ̀ nílé mi o."

Mo jókòó lórí iyanrìn, mo ń họ orí. Mo ro ilé wa, mo ro ọ̀nà tí mo ń gbà wọ̀ ọ́, mo ro ibi tí mo máa ń dúró sí nígbà tí mo bá ti ìgbẹ́ dé tí n kò pa nǹkan kan, tí ẹ̀rù ń bà mí láti wọlé. Mo fò dìde. "Láti ìloro ni! Ẹni tó dúró ní ìloro kò sí nínú ilé, kò sí níta. Yóò rí inú ilé, kò sì ní tíì kún un."

Inú iwin náà kò dùn, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá rere ni, ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó bu aáṣáà sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé mi lé e lórí, ó fà wá símú pọ̀, ó sì sín. Ibi tí mo balẹ̀ sí ni omi etí erékùṣù náà.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ kò ní igi. Igi kan ṣoṣo, kò sí. Èmi tí mo fi ewé mọ́kànlélógójì ṣe oògùn ara mi, koríko ni mo rí, òkúta ni mo rí, afẹ́fẹ́ sì ń gbá mi létí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Oòrùn ibẹ̀ kì í wọ̀. Ó kàn ń rìn gbéregbère lẹ́bàá òkun bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ. Àwọn ilé inú àwòrán wà lórí òkè lọ́ọ̀ọ́kán, mẹ́sàn-án, lórí ìlà kan, wọ́n la ẹnu sílẹ̀. Omi dé mi lórókún. Ó tutù débi pé ọ̀kan nínú eyín mi tó ti kú láti ọdún kẹta tún bẹ̀rẹ̀ sí í dun mí.

Mo ní, "Àgò onílé o."

Kò sí ìdáhùn. Mo tún kágò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹranko kan yọ orí lómi. Ó sanra bí àpò gàrí, kò lẹ́sẹ̀, ó ní irungbọ̀n bíi ti àfáà, ojú rẹ̀ tóbi, ó sì rọ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ tọrọ iyọ̀. Ó fọhùn. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bó ṣe gbọ́ Yorùbá. Ẹni tó ń sọ ìtàn ló ń kọ́ ẹranko lédè.

"Àlejò, kí lò ń ṣe nínú omi?"

"Mò ń dúró de onílé."

"Onílé ti lọ. Ènìyàn mẹ́rìndínlógójì, màlúù mẹ́jọ, ọkọ̀ ńlá kan. Mo tẹ̀ lé wọn dé ibi tí mo lè tẹ̀ lé wọn dé."

"Ta ni yóò wá dá mi lóhùn?"

Ó fi lẹ́bẹ́ rẹ̀ họ ikùn. "Àwọn tó ń wá kì í béèrè. Wọ́n á fò sílẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ búrẹ́dì, ọ̀kan nínú wọn á tọ̀ sẹ́yìn ògiri, wọ́n á máa lọ."

"Olè là ń pe irú wọn nílé wa."

"Arìnrìn-àjò afẹ́ là ń pè wọ́n níbí."

Àgbò kan ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè, irun rẹ̀ wú jáde bí ìrọ̀rí tó ya. Ó ní, "Kí ló dé tí ò ń bá ará odò sọ̀rọ̀? Èmi ni Baálẹ̀ ibí. Èmi ni kó o kágò fún."

"Baálẹ̀ wo?" ni Onírungbọ̀n inú omi wí. "Ṣé kì í ṣe ènìyàn ló gbé baba ńlá rẹ wá nínú ọkọ̀? Ẹrù tí wọ́n gbàgbé ni ọ́."

"Ẹrù tí wọ́n gbàgbé nílé ló ń jogún ilé. Ìwọ ńkọ́? Orí àpáta lò ń sùn, ikùn rẹ a sì máa wà lókè."

Ibẹ̀ ni àwọn ẹyẹ kékeré kan ti dá sí i. Wọ́n wọ ẹ̀wù dúdú lé funfun bíi lọ́yà, àgógó wọn pupa bí ẹni tí wọ́n fi osùn kùn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà gba ìgbìmọ̀. Àgbò ní oṣù mẹ́rin péré ni wọ́n ń lò níbẹ̀ lọ́dún, ayálégbé kì í jókòó ní ìgbìmọ̀. Wọ́n ní ìdí gan-an nìyẹn tí ojú àwọn fi là ju tirẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ẹyẹ pín ìgbìmọ̀ sí mẹ́ta, ọ̀kan láti wá onílé, ọ̀kan láti wá ìtumọ̀ onílé, ọ̀kan láti máa jẹ ẹja. Èmi ń bẹ nínú omi, ẹsẹ̀ mi ti di àwọ̀ ẹ̀lú.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò kàn gòkè. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lóòótọ́. Ìyá mi ti kú láti ogójì ọdún, síbẹ̀ mo gbọ́ ìró ìgbájú rẹ̀ létí mi. Mo dá ẹsẹ̀ náà padà sínú omi. Mo lè pa ẹfọ̀n, n kò lè wọlé onílé láìkágò.

Mo kágò lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbìmọ̀ nìkan ló ń pariwo. Inú mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò sí ẹni tó dáhùn! Àwẹ̀ró ti pàdánù. Mo ti ń rí ìgò ọtí náà lójú mi, tó ń làágùn. Mo yí padà láti máa lọ, mo kàn tún ju ọ̀kan sẹ́yìn, bí ènìyàn ṣe ń ju egungun sí ajá, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé n kò kágò tó.

"Àgò o."

"Àgò yà."

Ohùn náà kéré, ó gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Inú ilé tó kẹ́yìn ló ti wá. Àgbò gbé ẹnu kúrò lára ìjà. Onírungbọ̀n ri sínú omi.

Mo gòkè lọ, ẹsẹ̀ mi kò mọ ohun tó ń tẹ̀. Nínú ilé náà, lórí òkúta ìdáná, ìyá arúgbó kan jókòó. Bí mo bá wò ó, mo ń rí ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Wọlé, ọmọ mi," ó ní. "Ẹsẹ̀ rẹ ti bàjẹ́. Mọ́ráàgì ni mí."

"Ìyá Mọ́ráàgì, ẹ̀yin ni wọ́n gbàgbé?"

"Wọn kò gbàgbé mi. Oṣù mẹ́ta kí ọkọ̀ tó dé ni mo ti kú. Òkú kì í wọkọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò dá mi lóhùn nígbà àkọ́kọ́? Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

"Ìgbà àkọ́kọ́ ni mo ti dáhùn. Ohùn mi ló kọ̀ tí kò jáde. Ó ti pẹ́ tí mo ti lò ó kẹ́yìn."

Mo bi í pé níbo ló ti kọ́ bí a ṣe ń dáhùn àgò. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. "Mo gbọ́ ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń tọrọ àyè. Kí ni mo tún fẹ́ kọ́?"

Ó sọ fún mi pé òun ní ọmọ kan, Kálọ́ọ̀mù. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó bá àwọn yòókù lọ. Ó padà wá nígbà tó ti darúgbó, ó fi igi tilẹ̀, ó dá wá. Ó gun òkè náà, ó dúró ní ìloro ìyá rẹ̀.

"Kí ló wí?" ni mo bi í.

"Kò wí nǹkan kan. Ọwọ́ la fi ń kan ilẹ̀kùn nílẹ̀ wa. Ilẹ̀kùn ni àlejò ń bá sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn ló ń sọ fún onílé. Ó na ọwọ́ báyìí láti kàn án." Ìyá náà na ọwọ́. "Ilẹ̀kùn ti jẹrà, ó ti wó. Ọwọ́ rẹ̀ kò ba nǹkan kan. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́. Òkú kì í kọ́kọ́ pe alààyè, ọmọ mi. Mo jókòó síbí, mo di ìdáhùn mọ́ ẹnu, mo ń wò ó. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sì lọ."

Mo jókòó tì í lórí òkúta ìdáná náà.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó fi ojú tọ́ka sí koríko ẹnu ọ̀nà. Irin kan wà níbẹ̀, irin roboto tí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn, èyí tó bọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn wó. Ó ní, "Mú un lọ. Kò sí ohun tó máa kàn mọ́." Ẹ̀rí náà rèé. Ẹ gbà á, ẹ yí i ká. Ẹ má bínú pé epo wà lára rẹ̀, òun ni mo fi ń fọ́ ẹ̀kùrọ́.

Ní ti bí mo ṣe padà, ìgbìmọ̀ ló ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n ti fẹnu kò pé Àgbò ni Baálẹ̀, Àgbò sì ní n kò kí òun nígbà tí mo ń kọjá. Ó fi ẹ̀yìn rìn dé orí òkè, ó sáré bọ̀, ó kàn mí ní ìdí. Mo fò kọjá òkun, mo fò kọjá Ìlú Ẹkúu, wọ́n ṣì dákẹ́, mo sì balẹ̀ sẹ́yìn ilé Baálẹ̀ wa.

Wọ́n ti di ẹrù. Gbogbo abà jókòó lórí ẹrù wọn, wọ́n ń wò mí. Baálẹ̀ Ògúnmọ́dẹdé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọdẹ́jìnmí, ọkọ̀ ń dúró dè wá ní títì. Kò sẹ́ni tó dáhùn, àbí?"

"Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí n délé ná."

"Nítorí Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó dáhùn. Wí i bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo ni ìwọ náà di ẹni tí ń sọ òótọ́?"

Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń purọ́ fún abà yìí, ní ti gígùn ejò, ní ti iye ẹkùn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a; àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọdẹ. Ní gbogbo ọ̀nà tí mo gbà dé ìloro mi, ẹnu mi ti bí irọ́ náà, ó ti wẹ̀ ẹ́, ó ti wọ aṣọ fún un.

Mo dúró ní ìloro. Àwẹ̀ró wà nínú yàrá. N kò kágò nílé ara mi rí, ta ló ń kágò nílé ara rẹ̀? Lọ́jọ́ yẹn mo kágò.

Kò sí ìdáhùn.

Mo na ọwọ́ sí ibi tí ilẹ̀kùn wa yẹ kó wà. Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn. Ikán ti jẹ ẹ́ tán kí n tó lọ. Ọwọ́ mi kò ba nǹkan kan. Ara mi tutù ju ìgbà tí mo wà nínú omi lọ.

"Àgò yà," ni Àwẹ̀ró wí. Ohùn rẹ̀ gbẹ. Ó jáde wá, ó rí mi, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀, nítorí kì í ṣe èmi ló rò pé ó kágò. Ó ní, "Ẹ ti dé. Ṣé ẹnì kan dá yín lóhùn?"

Baálẹ̀ wú ikọ́ lẹ́yìn mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Ìyá arúgbó kan."

"Òmùgọ̀ ọkùnrin," ni Baálẹ̀ wí, ó sì pàṣẹ kí wọ́n gbé ẹrù. Wọ́n lọ kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwẹ̀ró kò yọ̀ mí, kò sì dúpẹ́. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ẹ bọ́ bàtà yín. Mo ti gbé omi kaná."

Ìdí tí ẹ fi bá wa níbí nìyẹn. N kò tíì mu ọtí tútù kan láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan nínú yín bá sì fi ọ̀kan pamọ́ sínú ọkọ̀, kó mọ̀ pé òógùn ìgò náà ti ń rùn sí mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kù. Láti òwúrọ̀ tí ẹ ti dé, ẹ ti ya fọ́tò ewúrẹ́ mi. Ẹ ti jẹ búrẹ́dì yín. Ọ̀kan nínú yín ti tọ̀ sẹ́yìn ògiri. Mo rí i, n kò ní dárúkọ rẹ̀ lójú àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Kò sì sí ẹnì kan nínú yín tó kágò. Àwẹ̀ró wà nínú yàrá yìí, ó ti gbọ́ ẹsẹ̀ yín, ó ń dúró. Ẹ dìde, gbogbo yín. Ẹ jáde lọ sí ìdí igi òro yẹn, kí ẹ kágò kí ẹ tó wọlé, bí ọmọ tí a bí tí a sì kọ́. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn, ẹ má lọ, ẹ tún un ké. Ohùn rẹ̀ ló ń wá.

Nígbà tí ẹ bá sì padà sí ẹ̀bá títì, bí ẹ bá pàdé ọkùnrin kan tó ti òkè òkun bọ̀, tó ti tó ogójì ọdún, tó ní àpá lókè ojú òsì níbi tí àgbò ti kàn án nígbà èwe, ẹ bá mi sọ fún un pé ikán ti jẹ ilẹ̀kùn wa. Kó má wá ohun tí yóò fi ọwọ́ kàn. Ẹnu ni kó lò.